Ẹ̀rọ Ìbàdí Marufat

Nígbà tí Marufat sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1986, tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ wo ojú rẹ̀, wọ́n wo bàtà rẹ̀, wọ́n wá wo ìbàdí rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú gbogbo wọn sì dúró sí. Nǹkan kan wú sókè níbẹ̀ lábẹ́ bùbá. Ó tó páálí sìgá méjì tí wọ́n so pọ̀, okùn rọ́bà tín-ín-rín kan sì jáde lára rẹ̀, ó wọnú aṣọ lọ.

"Rédíò ni," ni àbúrò bàbá rẹ̀ kan wí. "Àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ kì í rìn láìsí rédíò."

Kì í ṣe rédíò. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní ínsúlìnì ni. Marufat ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ewúro àti oògùn oníhóró rọra tù lójú. Ara tirẹ̀ ti ṣíwọ́ ṣíṣe ínsúlìnì pátápátá. Bí kò bá rí i gbà láti ìta, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Lọ́ńdọ̀nù ni àìsàn náà ti mú un, níbi tí Mashood ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, tí òun sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìránṣọ. Ó mu omi, mu omi, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bi í bóyá ó gbé ẹja mì láàyè. Ọjọ́ tó dákú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà kan níbẹ̀ ń wá àwọn tí yóò bá òun dán ẹ̀rọ tuntun kan wò. Marufat bèèrè bóyá yóò dun òun. Dókítà ní kò ní í dùn ún rárá. Marufat mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ojú dókítà náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ní kó gbé e wá.

Síríńjì kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Bátìrì ń tì í díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru, okùn rọ́bà yẹn sì ń gbé oògùn lọ sí abẹ́rẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ jẹun, yóò tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò dún "pi, pi," oògùn yóò lọ pàdé oúnjẹ. Kó tó tẹ̀ ẹ́, yóò ti gún ìka rẹ̀, yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, yóò dúró díẹ̀, yóò fi òwú nù ún, yóò wá fi àwọ̀ tó yọrí wé àwọn àwọ̀ tó wà lára ìgò ìwé náà, kó lè mọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun ṣe tó. Bí ṣúgà bá lọ sókè jù, òùngbẹ àti ìtọ̀ ni yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa bú èèyàn. Mashood máa ń sọ pé ti èébú yẹn kò kan ṣúgà.

Bàbá Marufat, Mùílì, oníṣọ̀nà awọ ni. Ó ń ṣe tìmùtìmù, ó ń ṣe àpò, ó sì ń fi awọ bo ońdè fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, ìbáà ṣe ọdẹ, ìbáà ṣe olóṣèlú. Ó ní kí ọmọ òun gbé nǹkan náà sókè kí òun rí i.

"Ṣé èyí ló mú ọ wà láàyè?"

"Òun ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó fi wà nínú ọ̀rá bíi búrẹ́dì?"

"Àpò tí wọ́n fún mi ló ya, sà."

Mùílì mí kanlẹ̀. "Òyìnbó! Wọ́n mọ ẹ̀rọ ṣe, wọn ò mọ aṣọ rán fún un."

Ó fi òwú wọn ẹ̀rọ náà lóòró, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú. Kí Marufat tó ṣetán àtilọ sílé ọkọ, àpò ti jáde: awọ pupa, awọ dúdú, òwú funfun tí wọ́n fi rán etí rẹ̀ yípo, àti ìgbànú tó ṣe é so mọ́dìí. Ó dára débi pé ojú ń ti Marufat láti so ó.

"Bàbá, ó ti jọ ońdè jù."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jà á kọ́kọ́ ronú."

Ilé ọkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Mashood rí iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní bí wọn yóò ṣe máa lo ajílẹ̀ lágbègbè Ìrẹsà, ọ̀hún ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ó wá fi ìyàwó rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Alhaja Ràmọ́tà, tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, àti Safurat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Hafeez. Safurat bá ọkọ rẹ̀ jà, ó wálé wá sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ mélòó kan náà ti di ọdún, kò sì tíì sinmi tán.

Kí Mashood tó lọ, ó fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má sọ nǹkan kan nípa àtọ̀gbẹ fún Màámi. Bí o bá sọ, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa wá wo ikùn rẹ. Sọ pé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, pé ẹ̀rọ ẹ̀yìn ni."

Marufat sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́. Alhaja wo awọ pupa àti awọ dúdú, ó ní, "Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, o wá so ońdè mọ́ ikùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìjà gidi wá lórí oúnjẹ. Alhaja kà á sí àfojúdi kí ìyàwó ilé máa ṣẹ́ iyán bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Òkèlè kékeré ni Marufat ń jẹ nítorí ínsúlìnì rẹ̀ lóṣù kan kò pọ̀, àmọ́ èyí kò ṣe é ṣàlàyé fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀yìn ni. Alhaja á bu iyán tó tó fìlà lé e níwájú, á jókòó tì í. "Jẹun! Ṣé torí kí n lè máa ka eegun rẹ ni ọmọ mi ṣe fẹ́ ọ?" Oṣù ń gorí oṣù, oyún kò sì yọjú. Ni Alhaja bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́jà bóyá ẹnì kan ní ọmọbìnrin tó lágbára, tó sì ń jẹun.

Báyìí ni nǹkan wà títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi ké nílé ìdáná.

Marufat ń bó iṣu lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Safurat ń fẹ́ ẹ̀wà, ó ń bá Oyèrónkẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin kan tó háyà yàrá kan nínú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí fọ́tò ńlá kan tó wà ní pálọ̀, níbi tí Alhaja ti wọ aṣọ funfun, tí Kaaba wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ràkúnmí kan sì ń wojú rẹ̀.

"Mẹ́kà kẹ̀?" ni Safurat wí. "Ìlọrin ni wọ́n ti yà á! Onífọ́tò kan ló ya Kaaba sára aṣọ títa, èmi ni mo di aṣọ náà mú kí atẹ́gùn má gbé e. Ràkúnmí yẹn gan-an, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ẹ lọ kà á."

Oyèrónkẹ́ ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ìbàdí Marufat ké: pi! pi! pi! Bátìrì ló ń tán lọ. Marufat wo ìsàlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi iṣu sílẹ̀, ó sáré wọ yàrá lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ Safurat dúró sórí atẹ. Ọkọ rẹ̀ ní rẹ́kọ́dà kan nígbà kan rí, èyí tó máa ń ké bí kásẹ́ẹ̀tì bá parí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó gbé atẹ náà sílẹ̀. "Oyèrónkẹ́," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, "ohùn wa wà nínú ẹ̀rọ yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Safurat gbé abọ́ àkàrà gbígbóná wá sẹ́nu ọ̀nà Marufat, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyàwó. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Marufat bojú wẹ̀yìn kó lè rí àgbàlagbà tó wọlé. Kò sí ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́dà tàn ká gbogbo ilé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ẹnu gbooro. Bí Marufat bá ti yọ, àwọn tó ń jiyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ìjọba. Oyèrónkẹ́, tó ti máa ń bú onílé lójoojúmọ́ nítorí òrùlé tó ń jò, wá ń sọ pé omi òjò dára fún awọ ara. Alfa àdúgbò wá kí Alhaja, bí wọ́n ṣe ta á lólobó tán, ó tẹ̀ síwájú, ó súnmọ́ ìbàdí Marufat, ó la ohùn sókè bí ẹni tó ń kàròyìn: "Èmi o, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí kò dára láti ọjọ́ tí mo ti ń wá sílé yìí!" Marufat dúró, ó di abọ́ omi mú, ó ń wo láwàní ọkùnrin náà nísàlẹ̀. Ó rò pé ṣúgà òun ló lọ sílẹ̀. Ó wọlé, ó gún ìka, ó wò ó. Ṣúgà rẹ̀ dára.

Safurat fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí. Ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn. "Ìyàwó, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi pa ti Ìlọrin yẹn rẹ́."

"Ti Ìlọrin wo?"

Safurat rò pé bóyá kásẹ́ẹ̀tì kò gbà á dáadáa. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú aṣọ títa, atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ ràkúnmí, ó sì fi ti ìyá wọn tó ń pa irun láró kún un, èyí tí Marufat kò gbọ́ rí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Marufat ti bu ètè rẹ̀ jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó sọ òtítọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì rántí iyán tó tó fìlà, ó rántí bí wọ́n ṣe ń pe òun ní eegun lójú òun.

"Màá wò ó," ló dá a lóhùn.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ ọn bí ọdún iléyá. Ìwọ̀n oúnjẹ tó bá fẹ́ ni wọ́n ń bù fún un. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára, á kan fi ọwọ́ pa àpò awọ rẹ̀ lára jẹ́jẹ́, onítọ̀hún á yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ìkíni. Kò parọ́ kankan. Kò kàn sọ nǹkan kan ni.

Àmọ́ Alhaja kò gbàgbé ti ìyàwó kejì. Ó ránṣẹ́ pe Mashood láti Ìrẹsà, ó pe Bàbá Akínọlá, olórí ẹbí wọn, ó pe àwọn àgbà mìíràn, wọ́n jókòó sí pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò. Mashood kò mọ ohun tí wọ́n pè é sí. Ó mú Marufat dání, ó ní ìyàwó òun náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Marufat jókòó, ó tún àpò rẹ̀ ṣe sórí itan.

Gbogbo ojú lọ sára àpò náà.

"Alhaja," ni Bàbá Akínọlá wí, "ìwọ lo pè wá. Sọ̀rọ̀."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni àgbà, sà."

"Kí Safurat sọ ọ́ fún wa."

"Ọ̀fun ń dùn mí, Bàbá."

Mashood wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Mo fi àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ sínú oko."

"A ní ká kí ọ ni," ni Alhaja wí, ojú rẹ̀ wà lára àpò awọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí okùn rọ́bà fi dí. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, lọ́tẹ̀ yìí kò dánu dúró: pi-pi-pi-pi-pi! Safurat fò dìde bí ẹni tí èèrà ta.

"Mo jẹ́wọ́! Ẹ pa á! Èmi ni mo sọ ọ́! Èmi ni mo ní Ìlọrin ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, pé ẹsẹ̀ ràkúnmí kò pé!"

Gbogbo ojú gòkè lọ bá ràkúnmí. Bàbá Akínọlá ń kà á jẹ́jẹ́ lẹ́nu.

Alhaja ti dìde. "Safurat! Mo dé Mẹ́kà! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ ilẹ̀ ibẹ̀! Fọ́tò nìkan ni mi ò rí yà, èrò pọ̀ jù!"

Ẹ̀rín tí Marufat ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ yìí bú jáde. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wá bọ́tìnnì kiri kó lè pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́. Nígbà tó dákẹ́ tán, ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Kì í ṣe rẹ́kọ́dà. Kì í sì í ṣe ẹ̀yìn." Ó ká etí bùbá rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ṣí pílásítà, ó fi abẹ́rẹ́ hàn wọ́n, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: àtọ̀gbẹ, ínsúlìnì, bó ṣe máa rí bí kò bá sí i.

Alhaja gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó tẹ̀ ba.

"Inú ẹran ara lèyí wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ́sàn-án, lóru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì ń bá mi gúnyán?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gún un, mà."

Alhaja dúró ṣanṣan. Lójijì ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi na Mashood léjìká. "Opùrọ́! O gbé ọmọ ọlọ́mọ wá sílé mi, o ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún! Bí iyán mi bá pa á ńkọ́?"

Bàbá Akínọlá wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì tí a torí ẹ̀ wá wá ńkọ́?"

"Ìyàwó kejì wo?" ni Mashood fi igbe ta.

"Kò sí o," ni Alhaja wí. "Ta ló fẹ́ fọ́mọ fún irú opùrọ́ yìí?"

Àwọn àgbà mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún wọn, wọ́n lọ sílé. Safurat kò jáde ní yàrá fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí wọ́n ti wá mọ̀ nílé pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ tó lè dá a lẹ́bi; ẹnu ara rẹ̀ ló dá a lẹ́bi.

Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi okùn rọ́bà àti abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí i, àmọ́ ó kó kúrò níbi tó ń gbé, àpótí sì dẹ́kun wíwá. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, ti dé nígbà náà, ohun tó bá ti ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó. Marufat ń se okùn kan náà lómi gbígbóná, ó ń lò ó lálòtúnlò, títí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi kú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Mubaraq, tó ń tún rédíò ṣe ní Sábó. Mubaraq tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ahọ́n kan bátìrì, ó ní mọ́tò inú rẹ̀ ti jóná.

"Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì dára," ló wí. "Bí ẹ bá fẹ́, mo lè fi ṣe aago ẹnu ọ̀nà."

Marufat fi èébú kan dá a lóhùn tí kò ṣe é kọ síbí, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ògiri kan tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó sunkún. Ó ti sọ lójú gbogbo ayé pé òun kórìíra nǹkan náà, pé ó ń yún òun lára, pé òun kò lè dojú bolẹ̀ sùn. Àmọ́ òun ló ń jẹ́ kó lè jẹun nígbà tó bá wù ú, kó sì lè fo oúnjẹ bí inú bá ń bí i. Láti ọjọ́ yẹn lọ, aago ló ń sọ ìgbà tí yóò jẹun fún un, ebi ìbáà pa á, ìbáà má pa á.

Ó padà sí síríńjì onígíláàsì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Alhaja ló ń sè é fún un nínú abọ́ tánganran tuntun tó yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan abọ́ náà rí ìjà. Ìgò ínsúlìnì wà nínú fíríìjì obìnrin kan tó ń ta kóòkì, bí NEPA bá sì múná lọ pẹ́, Marufat á gbé e wá sínú ìkòkò omi. Ó ń fi síṣọ́ọ̀sì la ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sí méjì lóòró kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja máa ń wá ka àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú, wọn kì í sì í fẹnu kò.

"Búlúù ni."

"Ewéko ni, Màámi."

"Ṣé o máa kọ́ mi ní àwọ̀? Búlúù ni, ṣúgà ti lọ sílẹ̀, lọ jẹun."

Lọ́dún 1989 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí Ọ̀yọ́, nítòsí ilé bàbá rẹ̀, ó ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Mashood bá wálé. Ọmọ kò tíì dé. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè, á bèèrè ọmọ ẹni náà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ipò tí wọ́n gbà nílé ìwé, títí onítọ̀hún á fi rántí pé òun ń lọ síbì kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ dúró pẹ́ ní gáréèjì, àkókò abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì pé. Olóògùn kan wọlé, ó gbé àpótí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ Marufat, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. "Ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí! Ó ń wo lákúrègbé! Àtọ̀gbẹ! Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ abẹ́rẹ́ òyìnbó nù lónìí!"

Marufat ti fa oògùn sínú síríńjì. Ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀ níbi itan, ó gún un, ó sì gbé síríńjì náà sókè. "Èmi ni mo ní i, sà. Ṣé kí n sọ ọ́ nù láti ojú fèrèsé, tàbí kí n kọ́kọ́ fi gún yín wò?"

Ọkọ̀ dà rú fún ẹ̀rín. Dírẹ́bà gan-an yíjú padà. Olóògùn wo abẹ́rẹ́, ó wo obìnrin náà, ó pa ìgò rẹ̀ dé. Marufat tú mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra, tí ariwo ti rọlẹ̀, olóògùn náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi náà ní i. Ó ti gbẹ bí igi. Agbo mi yìí náà ló ń mu." Ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti ń ta tiyín?"

Marufat jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó wò ó dáadáa, kó lè mọ̀ bóyá ó ń fi òun ṣeré. Lẹ́yìn náà ó sún fún un lórí ìjókòó.

"Kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ mi," ló wí. "Tí a bá dé Ọ̀yọ́, a jọ máa lọ síbẹ̀."